Kí Ni Olówó Lè Gbá Mú? Àwìn àti Gbèsè Nínú Ìtàn Ilẹ̀ Yorùbá

 

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ fẹ̀ púpọ̀: bí òwò ṣe tún ìtàn àti àwùjọ tò. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ tán, ilẹ̀ yóò ṣú bá a níbí. Mo wá bẹ àwọn tó pè mí pé kí wọ́n jẹ́ kí n mú apá kan ṣoṣo níbẹ̀, apá náà sì ni àwìn. Nígbà tí a bá ń sọ ìtàn òwò nílẹ̀ wa, ọjà la máa ń kà: epo, aṣọ, iyọ̀, ẹrú, kòkó. Ọjà kọ́ ló ká mi lára lónìí. Ohun tí mo fẹ́ bi ìtàn léèrè ni pé, bí ẹni tó rajà láwìn kò bá san, kí ni olówó lè gbá mú? Ìgbà kan wà tó jẹ́ ènìyàn. Nígbà tó yá, ó di ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó di igi kòkó. Bí ohun tí olówó lè gbá mú bá ṣe ń yí padà ni ilé, ìlú àti ìjọba wa náà ń yí padà. Ohun tí mo wá sọ nìyẹn, ẹ̀rí rẹ̀ ló kù.

Ẹ jẹ́ ká ti orí owó fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Etí òkun Èkó kọ́ ni wọ́n ti ń ṣa owó ẹyọ. Láti àwọn erékùṣù Maldives nínú òkun Íńdíà ló ti ń bọ̀, ọkọ̀ òyìnbó ló sì ń kó o wá. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sí okùn kan. Àádọ́ta okùn ni ẹgbàá kan, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan, 20,000, ọ̀kẹ́ kan sì ti tó ẹrù lórí ọkùnrin tó lágbára. Nígbà tó fi máa di àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò Hamburg, tí ilé iṣẹ́ O'Swald wà lára wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹyọ tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ wá láti Zanzibar. Owó pọ̀ nílùú, agbára rẹ̀ sì já wálẹ̀. Ẹ wá fojú inú wo alájàpá tó fẹ́ gbéra láti Ìbàdàn lọ ra iyọ̀ àti ẹ̀tù ìbọn létí ọ̀sà. Ṣé yóò gba aláàárù tí yóò ru owó lọ, kó tún gba aláàárù tí yóò ru ọjà bọ̀ ni? Àwìn ló gbà á lọ́wọ́ wàhálà yẹn. Alágbàtà á gbajà lọ́wọ́ òyìnbó létí omi láìsan nǹkan kan. Alájàpá á gbà á lọ́wọ́ alágbàtà, alárọ́bọ̀ á gbà á lọ́wọ́ alájàpá, epo pupa á sì máa gba ọ̀nà kan náà padà bọ̀ wá san gbèsè. Àwọn baba wa kò fi èyí ṣeré rárá. Wọ́n ní ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje.

Bó bá wá di pé epo kò bọ̀ ńkọ́?

Ohun àkọ́kọ́ tí olówó lè gbá mú ni agbára ènìyàn. Bàbá tí òkú ṣẹlẹ̀ sí, tàbí tí wọ́n bu owó ìtanràn fún, tàbí tí wọ́n mú ọmọ rẹ̀ lójú ogun tí wọ́n ní kó wá rà á padà, á lọ yáwó, á sì fi ọmọ kan sọfà. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Olówó rẹ̀ kò gbọdọ̀ tà á, kò sì kúrò lọ́mọ bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń ṣe lóko olówó, èlé lásán ni. Bó singbà fún ọdún mẹ́wàá, gbèsè tí wọ́n torí ẹ̀ fi sọfà kò dín ẹyọ kan kù. Ọjọ́ tí wọ́n bá san owó náà pé ni yóò tó padà sílé. Àwọn kan wà tí wọ́n ń kọ̀wé lóde òní bí ẹni pé ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni, pé ọmọ ń kọ́ ìwà àti iṣẹ́ lọ́dọ̀ àgbà. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tí kò bá ẹnikẹ́ni dúnàádúrà, tó ń kọ ebè nítorí ìsìnkú bàbá bàbá rẹ̀, gbèsè ẹlòmíràn ló ń fi ara rẹ̀ san. Ìjọba òyìnbó fi òfin dè é, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń fi ọmọ sọfà láàárín ọdún 1930 sí 1940 láwọn ibòmíràn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí Ìbàdàn ṣe ń bọ́ ogun tó ń lọ káàkiri, ọwọ́ ẹrú àti ìwọ̀fà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Àwọn ló gbin iṣu tí ọmọ ogun ń jẹ.

Bí onígbèsè bá lágídí, tí kò fẹ́ san, tí kò sì fẹ́ fi ọmọ sílẹ̀, olówó lè bẹ ológò. Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí ìwé náà kò sì jáde títí di 1921, sọ̀rọ̀ ológò débi pé ènìyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbọ́ ariwo rẹ̀ láti inú ìwé. Ológò kì í kágò. Á já wọ agboolé lójijì, á fi igbe ta, á ní òun ò ní kúrò níbẹ̀ àfi tí wọ́n bá kówó jáde. Á wá ibi tí gbogbo ènìyàn ń gbà kọjá, á jókòó síbẹ̀. Adìẹ tó bá rìn kọjá, ó ti pa á. Ewúrẹ́ tó bá yọjú, ó ti dè é mọ́lẹ̀. Kì í béèrè ẹni tó ni ín. Oúnjẹ rẹ̀ àti owó iṣẹ́ rẹ̀, orí onígbèsè náà ni gbogbo rẹ̀ ń bọ̀ sí. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Ìyá àgbà tó ni adìẹ kò mọ nǹkan kan nípa aṣọ tí ọmọ àbúrò ọkọ rẹ̀ rà láwìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí adìẹ kẹta bá lọ, òun fúnra rẹ̀ ni yóò lọ dúró síwájú yàrá ọmọ náà. Kí ọjọ́ kẹrin tó pé, agboolé á ti dáwó jọ. Kò sí ọlọ́pàá níbẹ̀, kò sí ẹ̀wọ̀n. Ìyọnu ni wọ́n gbé wọ ilé, ilé fúnra rẹ̀ ló sì yanjú ọ̀rọ̀.

Èyí ṣeé ṣe nínú ìlú kan náà, níbi tí ọba àti ìjòyè ti lè dá sí i bí ológò bá kọjá ààyè rẹ̀. Bí olówó bá wà ní Ìjẹ̀bú, tí onígbèsè wà ní Ọ̀yọ́, ológò kò lè dé ibẹ̀. Ibí yìí ni ẹ̀mú ti wọlé, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní àmúyá. Olówó á lọ dúró sójú ọ̀nà, á máa retí ẹnikẹ́ni tó bá ti ìlú onígbèsè bọ̀. Obìnrin tó ru èlùbọ́ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, tí kò mọ̀ bóyá wọ́n bí onígbèsè náà tàbí wọn ò bí i, wọ́n á gbá a mú. Wọ́n á ránṣẹ́ sí ìlú rẹ̀ pé ọmọ yín kan jẹ wá lówó, ẹni yín rèé lọ́wọ́ wa. Bí wọ́n bá tètè san, ó bọ́. Bí wọn kò bá san, ó lè di ẹni tí wọ́n tà sí oko ẹrú. Ìlú rẹ̀ náà á wá bínú, wọ́n á lọ mú ọmọ ìlú kejì dípò. Ọ̀nà á dà rú. Láti orí gbèsè aṣọ méjì, ìlú méjì á máa wo ara wọn bí ọ̀tá. Òpìtàn Ọlátúnjí Òjó ti ṣe iṣẹ́ lórí ẹ̀mú yìí, ó sì fi hàn bó ṣe bọ́ òwò ẹrú àti ìjà ìlú sí ìlú. Ìdí nìyí tí àwọn alájàpá fi ń rìn ní ọ̀wọ́ ńlá, tí wọ́n ń ní ẹ̀ṣọ́, tí wọ́n sì ń san owó bodè láìjanpata. Kì í ṣe olè nìkan ni wọ́n ń sá fún. Gbèsè tí wọn kò jẹ ni wọ́n ń sá fún.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí a máa ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́ ìlú bí ohun tó ti òkè ọ̀run bọ̀. Ní ayé ẹ̀mú, onídùúró rẹ ni ìlú rẹ, o fẹ́ tàbí o kọ̀. Àwọn ará ilé ẹni ní ìdí pàtàkì láti mọ ẹni tó ń jẹ gbèsè níta. Àwọn ìjòyè ní ìdí láti fi etí sí àròyé àjèjì. Púpọ̀ nínú ohun tí a ń pè ní ìwà ọmọlúàbí lóde ọjà, pé kí ènìyàn má ba orúkọ ìlú jẹ́, mo gbà pé inú ìbẹ̀rù yìí ló ti gba agbára. Ẹ lè bá mi jiyàn lé e tí mo bá jókòó.

Ó kan ẹni tó ní owó púpọ̀, tí agbára rẹ̀ kò sì ká àwọn onígbèsè rẹ̀. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, ni ẹni náà. Púpọ̀ nínú wa mọ̀ ọ́n láti inú eré onítàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, níbi tó ti jẹ́ òǹrorò obìnrin tó ń bẹ́ orí ẹrú rẹ̀. Eré náà dùn, ó sì lágbára débi pé ó bo ìtàn mọ́lẹ̀. Nínú ìtàn, oníṣòwò ńlá ni Ẹfúnṣetán. Ó ní oko, ó ní ọ̀pọ̀ ẹrú, ó sì ń bá èbúté ṣòwò. Ohun tó so ó mọ́ àwọn olóyè ogun ni pé òun ló ń kó ìbọn àti ẹ̀tù fún wọn láwìn. Wọ́n á lọ sógun, wọ́n á kó ẹrú àti ìkógun bọ̀, wọ́n á sì san. Bí ogun bá ṣe dáadáa, gbogbo ènìyàn jèrè. Bí ogun bá pẹ́ tí ìkógun kò sì tó nǹkan, gbèsè á gorí gbèsè. Nígbà tó di pé àwọn jagunjagun ń fi owó rẹ̀ falẹ̀, Ẹfúnṣetán dáwọ́ àwìn dúró.

Ẹ̀sùn mẹ́ta ni Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn nígbà náà, kà sí i lẹ́sẹ̀ ní 1874: pé kò bá òun lọ sógun, pé kò fi ohun ìjà àti oúnjẹ ránṣẹ́ sí òun nígbà tí òun wà lójú ogun, pé kò sì jáde wá pàdé òun lẹ́yìn odi nígbà tí òun ń bọ̀. Ẹ tún ẹ̀sùn kejì gbọ́. Olówó kò fún onígbèsè ní àwìn mìíràn, ó wá di ọ̀daràn. Wọ́n yọ ọ́ lóyè. Láàárín ọdún yẹn kan náà, àwọn ẹrú tirẹ̀ ni wọ́n lò láti pa á lóru.

Kí ni Ẹfúnṣetán lè gbá mú? Kò sí. Ológò kankan kò jẹ́ já wọ ilé Balógun. Kò sí ẹni tó lè mú ará Ìbàdàn torí Ìbàdàn nínú Ìbàdàn. Ẹni tó yá alágbára lówó láìní ohun tó lè dì mú, ọ̀tá ló ń fi owó rẹ̀ rà. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní 1877, Látòósà bá Ẹ̀gbá wọ̀yá ìjà nítorí ọ̀nà tí ìbọn àti ẹ̀tù ń gbà wọlé. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà gbéra, ogun Kìrìjì sì di ohun tí wọn kò tú ká lójú rẹ̀ títí di 1893. Mi ò ní sọ pé ikú obìnrin kan ló fa ogun ọdún mẹ́rìndínlógún. Mo kàn ń sọ pé ìlú tó pa ẹni tó ń fún un ní ẹ̀tù láwìn yóò máa wá ẹ̀tù kiri.

Létí ọ̀sà, ìyàtọ̀ ti ń bọ̀. Ẹfúnróyè Tinúbú, oníṣòwò obìnrin ní Èkó, ti rí i ṣáájú. Òun náà ta ẹrú, ó ta tábà, ó ta iyọ̀, ó sì wá fi epo kún un. Ẹ má jẹ́ ká fi orúkọ ńlá bo òwò ènìyàn tó ṣe mọ́lẹ̀. Ní 1856, Benjamin Campbell, kọ́ńsù Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, rí i pé wọ́n lé e kúrò nílùú, gbèsè tó jẹ àwọn oníṣòwò òyìnbó sì wà lára ohun tí wọ́n kà sí i lọ́rùn. Abẹ́òkúta ló padà sí, ibẹ̀ ló ti pèsè ohun ìjà nígbà tí Dàhọ̀mì gbógun wá ní 1864, tí Ẹ̀gbá sì fi jẹ Ìyálóde. Ohun tí mo fẹ́ kí a rí ni pé, ní 1856 yẹn, kò sí ẹni tó mú ará Abẹ́òkúta kan nítorí gbèsè Tinúbú. Kọ́ńsù tó ní ọkọ̀ ogun lẹ́yìn ni wọ́n lò. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹjọ 1861, Ọba Dòsùnmú fi Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, ọ̀nà gbígba gbèsè sì di ọ̀ràn kóòtù.

Kóòtù òyìnbó kò fẹ́ràn ìwọ̀fà, kò sì fẹ́ gbọ́ ohun tó ń jẹ́ ẹ̀mú. Ilẹ̀ ló fẹ́ràn. Ilẹ̀ Èkó wà lọ́wọ́ àwọn olóyè Ìdéjọ àti àwọn ẹbí tẹ́lẹ̀. Ènìyàn lè gbé orí rẹ̀ títí ayé, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbé dání lọ sọ́dọ̀ olówó. Ìjọba wá bẹ̀rẹ̀ sí í fún ènìyàn ní ìwé ilẹ̀, tí orúkọ ẹnì kan ṣoṣo wà lórí rẹ̀. Ìwé yìí ni oníṣòwò ń gbé lọ sí ilé iṣẹ́ òyìnbó tó bá fẹ́ gba aṣọ àti ọtí láwìn. Bí iye owó epo bá já ní Liverpool, gbèsè á wọni lọ́rùn ní Èkó, ilé á sì bọ́ sọ́wọ́ olówó. Táíwò Olówó, ọmọ Ìṣẹrì tó kú ní 1901, mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ bí wọ́n ṣe ń lo kóòtù yìí. Ó yá ènìyàn lówó, ó gba ilé àti ilẹ̀ dúró, ó sì pe ẹni tí kò san lẹ́jọ́. Orúkọ rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu ará Èkó títí di òní. Àwọn ẹbí mìíràn jí lọ́jọ́ kan, wọ́n rí i pé ọmọkùnrin kan ti fi ilé gbogbo wọn dógò. Ìjà yẹn ló bí òfin ilé ẹbí tí àwọn amòfin wa ṣì ń tọ́ka sí láti inú ẹjọ́ Lewis àti Bankole ti 1908. Bí ẹ bá rí ilé tí wọ́n kọ ọ̀dà pupa sí lára pé kò sí fún títà, ọmọ ọmọ ìjà yẹn lẹ rí.

Láàárín àwọn tí gbèsè wó ní Èkó, ẹnì kan wà tí ìṣubú rẹ̀ wúlò fún wa ju aásìkí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. James Pinson Labulo Davies, ọmọ Saro, tí a bí ní ilẹ̀ Sàró fún òbí Yorùbá tí wọ́n gbà lọ́wọ́ oko ẹrú. Ó ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, ó di ọ̀gá ọkọ̀, ó wá jókòó ní Èkó láti máa ṣòwò. Ó fẹ́ Sarah Forbes Bonetta, ọmọ tí Ọbabìnrin Victoria gbà tọ́, ní Brighton ní 1862. Nígbà tí Babington Macaulay fẹ́ dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní 1859, £50 ni Davies fi ràn án lọ́wọ́ fún ìwé àti ohun èlò. Ẹni iyì ni. Ṣùgbọ́n àwìn Manchester ló fi ń ṣòwò bí àwọn yòókù, nígbà tí nǹkan sì dojú rú, àwọn olówó rẹ̀ gbé e lọ sí kóòtù. Ní 1876, wọ́n kéde pé kò lè san gbèsè rẹ̀ mọ́.

Níbo ni ẹni tí Èkó ti tì fún yóò lọ? Davies lọ sí oko. Ní nǹkan bí 1880, ó bẹ̀rẹ̀ oko kòkó ní Ìjan, ní apá ìwọ̀-oòrùn Èkó, ọ̀kan lára àwọn oko kòkó àkọ́kọ́ nílẹ̀ wa. Jacob Kehinde Coker àti àwọn àgbẹ̀ Agége tẹ̀ lé ọ̀nà náà. Wọ́n dá Agege Planters' Union sílẹ̀ ní 1907. Àwọn tó wá ṣe lébìrà lóko Agége àti àwọn oníwàásù ìjọ African Church sì kó èso kòkó padà lọ sí ìlú wọn. Ẹ rò ó wò. Igi tó kọ́ ilé páànù sí Oǹdó, Ifẹ̀ àti Ìbàdàn, tó rán ọmọ lọ sí òkè òkun, apá kan nínú ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni oníṣòwò kan tí gbèsè lé kúrò létí omi.

Ẹ jẹ́ kí n fi kòkó sílẹ̀ díẹ̀, kí n sọ̀rọ̀ àwọn tó ń tẹ̀ lé owó kòkó kiri, àwọn Òṣómàáló. Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n. Lẹ́yìn ogun Kìrìjì, nígbà tí ọ̀nà là, wọ́n di aṣọ lẹ́rù, wọ́n sì ń gba abúlé dé abúlé, títí dé òkè Ọya. Nígbà tí àgbẹ̀ kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ni wọ́n máa ń dé, nígbà tí ebè ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu ewé. Wọ́n á tú aṣọ sílẹ̀ níwájú ìyàwó àgbẹ̀. Iye tí wọ́n á dá lé e, ó lé lórí iye ọjà, nítorí wọn kì í gbowó lójú ẹsẹ̀. Mú un lọ, a ó padà wá nígbà ìkórè. Wọ́n á fọwọ́ sí ìwé, wọ́n á sì lọ. Ìgbà ìkórè, kí àkùkọ tó kọ ẹlẹ́ẹ̀kejì, Òṣómàáló ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n gbé àga fún un, kò jókòó. Wọ́n bu omi fún un, kò mu ún. Ó lóṣòó sílẹ̀. Àwọn tó ń lọ sódò á kí i, á dá wọn lóhùn tìrìn, gbogbo wọn á sì mọ ilé tó dúró sí. Títí oòrùn yóò fi gbóná, onílé á ti wá owó jáde.

Kò ní ìwé ilẹ̀ kankan lọ́wọ́. Kò lè mú ọmọ ẹnikẹ́ni, ìjọba á fi í sẹ́wọ̀n. Kò lè pa adìẹ bí ológò. Ìtìjú ni Òṣómàáló gbá mú, ìtìjú yẹn sì kọ́ ilé sí Iléṣà. Ohun tó mú kó dára lójú mi ni pé òun fúnra rẹ̀ ló lóṣòó. Ó fi ara rẹ̀ sínú ìyà kan náà tó fi ń jẹ onígbèsè, ojú méjèèjì sì ń wo ara wọn.

Oko kòkó wá mú irú ìdógò tuntun wá. Igi kòkó á wà níbẹ̀ fún ogójì ọdún, kò lè sá. Àgbẹ̀ tí owó ilé ìwé tàbí ẹjọ́ bá ká mọ́, á fi oko rẹ̀ dógò fún ṣogúndogójì. Olówó á máa ká kòkó jẹ lọ́dọọdún títí ẹni yẹn yóò fi san owó pé. Ẹ ti rí i pé ìwọ̀fà ni. Igi ló ń singbà dípò ọmọ. Nígbà tí Galletti, Baldwin àti Dina ṣe ìwádìí wọn lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ kòkó ní 1951 àti 1952, ọ̀rọ̀ gbèsè àti oko ìdógò wà níbi gbogbo. Mo sì gbà pé èyí ló pa ìwọ̀fà ju òfin òyìnbó lọ. Olówó tó lè gba igi kò nílò ọmọ mọ́.

Gbèsè kòkó tó tóbi jù lọ, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ sí i. Láti 1947 ni ìjọba ti dá bọ́ọ̀dù tí yóò máa ra gbogbo kòkó, ní iye tí bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ dá. Ohun tí wọ́n sọ fún àgbẹ̀ ni pé, iye tí a ń san fún ọ kéré sí ti ọjà àgbáyé, ṣùgbọ́n a ń fi ìyókù pa mọ́ fún ọdún tí ọjà bá bàjẹ́. Peter Bauer, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, pariwo ní 1954 pé owó orí ni wọ́n fi ìpamọ́ bò. Owó náà kò dúró sí ìpamọ́. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn yá lára rẹ̀, ó gbà lára rẹ̀, ó sì fi ṣe ohun tí gbogbo wa mọ̀. Àwọn ọmọ tó wọ ilé ìwé nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 1955 lé ní 800,000. Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, alájà 26, parí ní 1965. Bí ọmọ àgbẹ̀ kankan bá wà nínú gbọ̀ngàn yìí tó jẹ àǹfààní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, mi ò ní sọ fún un pé kò dára. Ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyẹn yá ìjọba lówó láìmọ̀, kò sì sí ohun tí wọ́n lè gbá mú.

Àfi ìgbà tí wọ́n gbé ìbọn ṣakabùlà. Ní 1968 àti 1969, owó orí ga, iye kòkó kò tẹ́ wọn lọ́rùn, ọ̀nà oko sì bàjẹ́. Àwọn Àgbẹ́kọ̀yà dìde, Táfà Adéoyè sì wà lára àwọn tó ṣáájú wọn. Ọ̀kẹ́ mẹ́fà ni wọ́n ní àwọn yóò san. Ó ti tó ọgọ́ta ọdún tí owó ẹyọ ti kúrò lójú ọjà, síbẹ̀ ọ̀kẹ́ ni àgbẹ̀ fi ń ka owó orí rẹ̀: ọ̀kẹ́ kan, ṣílè márùn-ún, ọ̀kẹ́ mẹ́fà, ṣílè ọgbọ̀n. Nígbà tí Awólọ́wọ̀ wọ inú oko lọ bá wọn sọ̀rọ̀ ní oṣù kẹwàá 1969, £2 ni wọ́n fẹnu kò sí. Irú bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ wà títí di 1986 kí ìjọba tó fòpin sí i.

Ní gbogbo àsìkò yìí, ọ̀nà kan wà tí kò fi bẹ́ẹ̀ gbá ohunkóhun mú. Èsúsú ni, òun àti àjọ. Èsúsú bá àwọn ènìyàn wa lọ nínú ọkọ̀ ẹrú, ó sì wà ní Trinidad títí di òní tí wọ́n ń pè é ní susu. Nínú èsúsú, ẹni tó kọ́kọ́ kó jẹ gbogbo àwọn tó kù ní gbèsè, ohun tí wọ́n sì lè fi mú un kò ju pé wọ́n mọ ilé rẹ̀, wọ́n mọ ìyá rẹ̀, kò sì ní rí ẹgbẹ́ mìíràn bá dá. Ti àjọ tún wà níbẹ̀, níbi tí alájọ ti ń rìn dé ìsọ̀ oníṣòwò lójoojúmọ́. A ṣì ń fi alájọ Ṣómólú kí ọlọ́pọlọ pípé, ẹni tí wọ́n ní ó ta mọ́tò ra kẹ̀kẹ́. Ẹni tó mọ àdúgbò Ṣómólú mọ̀ pé ọgbọ́n ni: kẹ̀kẹ́ ń wọ ojúlé tí mọ́tò kò lè wọ̀.

Nígbà tí àwọn ilé ẹ̀yáwó kéékèèké dé, wọ́n gba ọgbọ́n èsúsú, wọ́n sì mú kó le sí i. Wọ́n kó àwọn obìnrin jọ ní ẹgbẹ́, bí ẹnì kan kò bá san, gbogbo ẹgbẹ́ kò ní lọ sílé. Àwọn oníbàárà wọn fún owó yìí ní orúkọ tiwọn, wọ́n ń pè é ní gbọ́mú-lé-lántà. Mi ò lè rí orúkọ tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ fún èlé tó ń jóni láyà.

Èyí tó wà lóde báyìí wá yàtọ̀. O fi fóònù yáwó ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́, ẹnikẹ́ni kò bi ọ́ ní ilé ìyá rẹ. Ohun tí wọ́n ní kó o ṣe ni pé kó o tẹ ibi kan, kí wọ́n lè rí gbogbo orúkọ tó wà nínú fóònù rẹ. Bí ọjọ́ bá yẹ̀, wọ́n á ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́, sí àna rẹ, sí olórí ìjọ rẹ, sí ẹni tó ń ta ata fún ọ, pé olè ni ọ́. Nígbà mìíràn wọ́n á fi àwòrán rẹ sí i. Ẹni tó ń ránṣẹ́ náà, o kò ní rí ojú rẹ̀ láéláé. Ní 2022, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ oníbàárà gbé ìlànà jáde pé kí àwọn ilé ẹ̀yáwó orí fóònù wá forúkọ sílẹ̀, wọ́n sì yọ àwọn kan kúrò lórí Google Play. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ìforúkọsílẹ̀ nìkan kò dáhùn ìbéèrè tí mo gbé wá. Ẹni tó ń ta ata fún mi kò bá mi tọwọ́ bọ̀wé, kò ṣe onídùúró mi, kò mọ̀ pé mo yáwó, ìyàtọ̀ wo ló wá wà láàárín òun àti obìnrin elélùbọ́ tí wọ́n gbá mú lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú?

Mo rí àwọn amòfin mélòó kan níjòókòó lọ́wọ́ iwájú. Kí a tó bọ́ sí ìbéèrè àwọn yòókù, mo fẹ́ kí ọ̀kan nínú yín gba gbohùngbohùn, kó sì sọ fún wa apá ibi tí òfin Nàìjíríà ti sọ ọ́ ní pàtó pé olówó kò gbọdọ̀ gbá ẹni tí kò yáwó mú, àti ìyà tó wà fún ẹni tó bá ṣe é.